Bí Ojú-Ewé Ìkànnì Ṣe Ń Pín Ohun Lò

Ẹni tí ó bá gba ìlú Ìṣẹ́yìn kọjá ní àárọ̀ yóò gbọ́ ariwo òfì láti agbo ilé kan dé èkejì. Aṣọ òkè ni ìlú náà fi gba orúkọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá: ẹtù, sányán àti àlàárì. Aṣọ tí ọkùnrin ń hun lórí òfì kì í fẹ̀. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ahunṣọ a na òwú gígùn síwájú ara rẹ̀, a sì máa hun ún lọ títí. Lẹ́yìn èyí ni a ó gé e sí ègé-ègé, tí aránṣọ yóò sì rán ègé mọ́ ègé títí yóò fi di agbádá. Bí a tilẹ̀ ti gé e, àwọ̀ àti ilà tí ó wà lára ègé kìn-ín-ní ni ó wà lára ègé ìkẹyìn, nítorí pé òwú kan náà ni ó la gbogbo wọn já.

Ojú-ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì jọ ègé aṣọ wọ̀nyí lójú ẹni tí ń wò ó. Ẹni tí ó ṣí ìkànnì láti ra aṣọ, tàbí láti fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, yóò kọjá láti ojú-ewé kan sí òmíràn, yóò sì rò pé òwú kan ni ó so gbogbo wọn pọ̀. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kò sí òwú kankan níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó kọ ètò ìkànnì náà ni ó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ran òwú ọ̀hún. Bí ó bá sì ràn án lódì, ohun tí ó jẹ́ ti ẹnì kan lè bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Irú òwú tí ó wà, bí a ti ń lò ó, àti ewu tí ó wà nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí.

Adáhùn tí kì í rántí

Ní ọdún 1989, Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń ṣiṣẹ́ ní CERN lẹ́bàá ìlú Geneva, ni ó dá àbá ìkànnì àgbáyé. Nígbà tí yóò fi di 1991, àwọn ará òde ti ń lò ó. Ètò tí ó gbé kalẹ̀ rọrùn púpọ̀. Kọ̀ǹpútà kan ń béèrè, kọ̀ǹpútà kejì ń dáhùn. Èyí tí ń béèrè ni ẹ̀rọ tí ó wà níwájú ẹni tí ń wo ìkànnì. Èyí tí ń dáhùn ni a ń pè ní sáfà, ó sì lè wà ní Èkó tàbí ní Amẹ́ríkà. Ìbéèrè kan, ìdáhùn kan. Bí sáfà bá ti dáhùn tán, ó ti gbàgbé ẹni tí ó béèrè. Bí ẹni náà bá tún padà dé kí a tó ṣẹ́jú, àlejò tuntun ni lójú rẹ̀.

Ìgbàgbé yìí ní èrè tirẹ̀. Ìwé kíkà ni ìkànnì wà fún ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí ohun tí sáfà fẹ́ fi orúkọ òǹkàwé ṣe. Aláte ọjà Ṣakí tí èrò pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kò lè há orúkọ gbogbo ẹni tí ó béèrè iye owó iṣu sórí. Ó ń dá ẹnì kan lóhùn, ó sì ń kọjú sí ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni sáfà ṣe ń dá ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn lóhùn láìsí pé ẹrù wọn wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ayé bẹ̀rẹ̀ sí fi ìkànnì ṣòwò, tí ìjọba àti ilé-ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ṣiṣẹ́, ìgbàgbé di ìṣòro. Láti 2015 ni àjọ JAMB ti ń fi kọ̀ǹpútà nìkan ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni ìforúkọsílẹ̀ wà. Kí a wo ọmọ-ìwé kan ní Ṣakí, tàbí ní Kíṣí, tí ó jókòó ti irú ètò ìforúkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú-ewé kìn-ín-ní lè béèrè orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Èkejì lè béèrè ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́. Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ tí ó fẹ́ kọ́. Bí sáfà bá ti gbàgbé orúkọ nígbà tí ọmọ náà dé ojú-ewé kẹta, ta ni yóò ka iṣẹ́ tí ó yàn sí? Ó di dandan kí ojú-ewé wọ̀nyí ní ohun kan tí wọn ń pín lò.

Ibi mẹ́rin tí a ń fi ohun sí

Ohun tí a ń sọ níhìn-ín kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ kàn. Àpò kan ni, nínú kọ̀ǹpútà, tí ìsọfúnni wà nínú rẹ̀: orúkọ ènìyàn, iye owó, tàbí àkójọ aṣọ tí oníbàárà ti yàn tí kò tíì san owó rẹ̀. Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì nípa àpò bẹ́ẹ̀ jẹ́ méjì: ta ni ó lè ṣí i, àti nígbà wo ni a ó dà á nù?

Ní 1999, ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ètò kan jáde tí a ń pè ní JavaServer Pages, èyí tí a gé kúrú sí JSP. Nínú rẹ̀ ni a ti dárúkọ ibi mẹ́rin tí a lè fi àpò sí. Àwọn ètò mìíràn, bí ASP ti Microsoft àti PHP, ní tiwọn pẹ̀lú, bí orúkọ tilẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ìpín mẹ́rin ti JSP yìí ni ó fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere jù lọ.

Èkíní ni ojú-ewé fúnra rẹ̀. Ohun tí a fi síbẹ̀ dà bí ọkọ̀ òwú tí ó wà ní ọwọ́ ahunṣọ: òun nìkan ni ó ń lò ó, bí iṣẹ́ bá sì ti tán, a ó gbé e sílẹ̀. Ojú-ewé mìíràn kò lè rí i. Bí sáfà bá ti ṣe ojú-ewé náà tán, àpò náà ti parẹ́.

Èkejì ni ìbéèrè. Nínú sáfà, ojú-ewé kan lè gba ìbéèrè wọlé, kí ó ṣe apá kan nínú iṣẹ́ náà, kí ó sì fà á lé ojú-ewé kejì lọ́wọ́ láti parí. Ó dà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán lọ sí ọ̀dọ̀ onísòwò òwú, tí onísòwò náà sì ní kí ó gba ilé aláró kọjá kí ó tó padà. Ohun gbogbo tí a fi sínú agbọ̀n rẹ̀ lọ́nà ni ó ń bá a lọ títí yóò fi jẹ́ iṣẹ́ náà tán. Ṣùgbọ́n bí onísòwò òwú bá sọ fún ọmọ náà pé kí ó padà sílé, kí ó wí fún ìyá rẹ̀ pé ilé aláró ni ó yẹ kí ó rán an lọ, a jẹ́ pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti parí. Agbọ̀n òfìfo ni yóò gbé nígbà tí a bá tún rán an jáde. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó wà láàárín kí sáfà fa ìbéèrè lé ojú-ewé mìíràn lọ́wọ́, àti kí ó ní kí ẹ̀rọ oníbàárà lọ béèrè níbòmíràn. Lójú ẹni tí ń wo ìkànnì, méjèèjì kò yàtọ̀, nítorí pé ojú-ewé tuntun kan ni yóò rí. Fún ohun tí ó wà nínú agbọ̀n, ọ̀kan jẹ́ ìyè, èkejì jẹ́ ikú. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí ni ó ti wá ohun tí ó sọnù síbí títí.

Ẹ̀kẹta ni ìbẹ̀wò, èyí tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní sẹ́ṣọ̀n. Àpò yìí jẹ́ ti àlejò kan ṣoṣo, ó sì wà fún un láti ìgbà tí ó dé títí di ìgbà tí ó lọ, iye ojú-ewé yòówù kí ó ṣí. Ó dà bí yàrá tí a fún àlejò nínú agbo ilé: ó lè jáde kí ó tún wọlé, yóò sì bá ẹrù rẹ̀ níbi tí ó gbé e sí.

Ẹ̀kẹrin ni ètò gbogbo lápapọ̀. Ohun tí a fi síbẹ̀ dà bí kànga àárín agbo ilé. Kànga kan ni, gbogbo ènìyàn ni ó ń pọn ín, ó sì wà níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí agbo ilé bá wà. Ohun tí ó yẹ láti fi sí ibẹ̀ ni èyí tí kò yàtọ̀ láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ 33 tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí 10 nínú wọn jẹ́ ti Òkè-Ògùn, jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Kò sí ìdí tí sáfà yóò fi ṣe àdàkọ rẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọmọ-ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀dà kan ti tó fún gbogbo wọn.

Káàdì àti fáìlì

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìbẹ̀wò ni ó ta kókó jù lọ. Bí sáfà bá jẹ́ onígbàgbé, báwo ni ó ṣe ń mọ yàrá àlejò yìí yàtọ̀ sí ti èkejì?

Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ yóò gba káàdì. Nọ́ńbà ni ohun pàtàkì tí ó wà lára káàdì náà. Àìsàn rẹ̀, oògùn rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ dókítà wà nínú fáìlì tí ilé ìwòsàn fi pamọ́. Nígbà tí ó bá padà wá, nọ́ọ̀sì lè má mọ̀ ọ́n rí. Yóò fi káàdì hàn, a ó sì lọ mú fáìlì rẹ̀ wá.

Káàdì ti ìkànnì ni a ń pè ní kúkì. Lou Montulli, tí ń ṣiṣẹ́ ní Netscape ní Amẹ́ríkà, ni ó ṣe é ní 1994. Nígbà tí àlejò bá dé, sáfà yóò dá fáìlì sílẹ̀ fún un, yóò sì fi nọ́ńbà fáìlì náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìdáhùn. Ẹ̀rọ àlejò yóò tọ́jú nọ́ńbà yìí, yóò sì máa fi í hàn fún sáfà kan náà ní gbogbo ìgbà tí ó bá tún béèrè ohun kan. Nínú ètò Java, JSESSIONID ni orúkọ káàdì náà. Nínú PHP, PHPSESSID ni.

A kì í ṣe nọ́ńbà yìí ní 1, 2, 3. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó gba káàdì 57 lè sọ pé 58 ni òun, kí ó sì gba fáìlì onífáìlì. Nítorí náà, lẹ́tà àti òǹkà tí a pò pọ̀, tí kò sí ẹni tí ó lè méfò rẹ̀, ni a ń lò. Sáfà Tomcat, tí ọ̀pọ̀ ètò Java ń gbé nínú rẹ̀, a máa lo 32.

Fáìlì kò sì lè wà títí láé, nítorí pé àlejò púpọ̀ kì í dágbére kí wọn tó lọ. Ìwọ̀n àkókò ni sáfà fi ń mọ̀. Bí ẹni tí ó ni ètò kò bá yí i padà, Tomcat a máa dúró fún 30 ìṣẹ́jú láti ìgbà tí àlejò ti béèrè nǹkan kẹ́yìn, ASP.NET a máa dúró fún 20, nígbà tí PHP ń ka fáìlì sí èyí tí a lè dà nù lẹ́yìn 1,440 ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí í ṣe 24 ìṣẹ́jú. Ọmọ-ìwé tí iná mọ̀nàmọ́ná lọ mọ́ lọ́wọ́ ní Ṣakí nígbà tí ó ń kọ ojú-ewé kẹta kò pàdánù ohun tí ó ti fi ránṣẹ́ lójú-ewé kìn-ín-ní àti èkejì lójú ẹsẹ̀. Wọ́n wà nínú fáìlì lọ́dọ̀ sáfà. Ohun tí ó kọ sí ojú-ewé kẹta tí kò tíì fi ránṣẹ́ ni ó lọ. Ṣùgbọ́n bí iná bá pẹ́ kí ó tó dé, tàbí tí káàdì bá sọnù nígbà tí ẹ̀rọ kú, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ètò tí ó sì mọ irú ìlú tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbé yóò tètè kó ohun tí ó ṣe iyebíye láti inú ìbẹ̀wò lọ sínú àká, ibi tí ó lè wà pẹ́ títí, kò ní dúró di ojú-ewé ìkẹyìn.

Ọ̀nà kan wà tí ó yàtọ̀ sí ti káàdì, ó sì jọ àrokò àwọn baba ńlá. Ẹni tí ó fi àrokò ránṣẹ́ kò tọ́jú fáìlì kankan sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gan-an wà nínú ohun tí ìránṣẹ́ gbé lọ́wọ́. Ẹyọ owó mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ fà mọ́ ẹni tí a rán an sí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ètò kan ń fi ìsọfúnni fúnra rẹ̀ sínú kúkì dípò nọ́ńbà. Ó dín ẹrù sáfà kù. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ tí ó mọ àrokò kà lè yọ ẹyọ kan kúrò lọ́nà. Nítorí náà ni a ṣe ń fi èdìdì ìṣirò dì í, kí sáfà lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ti fọwọ́ kàn án.

Ewu ohun àjùmọ̀lò

Àṣìṣe tí ó burú jù ni kí a gbé ẹrù àlejò sínú kànga. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Nínú ètò Java, ẹ̀dà ojú-ewé kan ṣoṣo ni sáfà sábà máa ń dá sílẹ̀, òun ni ó sì ń fi dá gbogbo ènìyàn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá fi orúkọ oníbàárà sí ibi tí ó jẹ́ ti ẹ̀dà náà, ó ti fi í sí ibi tí gbogbo ènìyàn ń pín lò, bí ó tilẹ̀ rò pé ti ẹnì kan ni. Nígbà tí òun nìkan bá ń dán ètò náà wò, kò ní rí àléébù kankan. Ọjọ́ tí ènìyàn méjì bá dé pọ̀ ni yóò hàn: ọmọ-ìwé kan ní Ìṣẹ́yìn yóò tẹ orúkọ tirẹ̀, yóò sì rí orúkọ ọmọ-ìwé Òkèhò.

Irú ọ̀ràn yìí ti dé bá àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ní ọjọ́ Kérésìmesì 2015, ilé ìtajà eré orí kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Steam fi ojú-ewé tí a ṣe fún ẹnì kan dá ẹlòmíràn lóhùn, nítorí àṣìṣe nínú ètò tí ń tọ́jú ojú-ewé pamọ́ fún ìlò gbogbo ènìyàn. Valve, tí ó ni ilé ìtajà náà, sọ pé nǹkan bí 34,000 ènìyàn ni ó kàn. Àdírẹ́sì àwọn kan àti ohun tí wọ́n ti rà wà lára ohun tí àjèjì rí. Ní 20 oṣù Kẹta 2023, àwọn kan tí ń lo ChatGPT rí àkọlé ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn bá a sọ. Àlàyé tí OpenAI ṣe ni pé àbùkù wà nínú irinṣẹ́ tí ó so ètò wọn mọ́ àká tí a ń pè ní Redis: bí ẹnì kan bá béèrè tí ó sì kúrò kí ìdáhùn tó dé, a lè gbé ìdáhùn rẹ̀ fún ẹni tí ó tẹ̀ lé e lórí ọ̀nà kan náà.

Ewu kejì ni ti ìjàdù. Kí a ní ahunṣọ Ìṣẹ́yìn kan ń ta aṣọ lórí ìkànnì, tí ó sì ku agbádá sányán kan ṣoṣo. Iye tí ó kù yìí wà níbi àjùmọ̀lò, bí ó ti yẹ. Oníbàárà kan ní Ìbàdàn àti òmíràn ní London béèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Sáfà wò ó fún ti Ìbàdàn, ó rí 1. Kí ó tó yọ ọ́ kúrò, ó ti wò ó fún ti London, ó tún rí 1. Àwọn méjèèjì sanwó aṣọ kan. Àwọn tí ń pọn omi ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ ojútùú ọ̀ràn yìí: okùn kànga kan ni ó wà, ẹni tí ó bá mú un gbọ́dọ̀ pọn tán kí ó tó fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Sáfà náà ní okùn irú èyí. Ohunkóhun tí ó bá ń yí padà níbi àjùmọ̀lò, a gbọ́dọ̀ fi okùn sí i. Ṣùgbọ́n bí okùn bá pọ̀ jù, èrò yóò tò sí ìdí kànga. Nítorí náà ni ohun tí kì í yí padà ṣe dára jù fún ibẹ̀.

Ewu kẹta ni ti olè. Fáìlì wà lábẹ́ àgádágodo lọ́dọ̀ sáfà. Káàdì ni ó ń rìn káàkiri, òun ni olè sì ń wá. Ní oṣù Kẹwàá 2010, Eric Butler, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé irinṣẹ́ kan jáde tí ó pè ní Firesheep, kí ayé lè rí i bí ó ti rọrùn tó láti gbé káàdì ẹlòmíràn lórí Wi-Fi tí kò ní ìdáàbòbò. Nígbà náà, ìkànnì púpọ̀ a máa bo ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan mọ́lẹ̀, wọn a sì jẹ́ kí káàdì máa rìn ní ìhòòhò. Facebook fi ọ̀nà abò lọ àwọn tí ó fẹ́ ẹ ní 2011, ó sì sọ ọ́ di ti gbogbo ènìyàn ní 2013.

Nígbà tí sáfà bá ju ẹyọ kan lọ

Ìkànnì tí èrò rẹ̀ pọ̀ kì í ní sáfà kan ṣoṣo. Níhìn-ín ni ìbẹ̀wò tún ti di ìṣòro, nítorí pé fáìlì tí ó wà lọ́dọ̀ sáfà kìn-ín-ní kò sí lọ́dọ̀ èkejì. Àwọn kan a máa rí i dájú pé ọ̀dọ̀ sáfà kan náà ni àlejò kan ń padà sí. Ṣùgbọ́n bí sáfà náà bá kú, ẹrù àlejò bá a lọ. Àwọn mìíràn a kó gbogbo fáìlì sínú àká kan tí gbogbo sáfà lè dé. Memcached, tí Brad Fitzpatrick ṣe ní 2003, àti Redis, tí Salvatore Sanfilippo ará Ítálì gbé jáde ní 2009, wà lára àwọn irinṣẹ́ tí a ń lò fún irú àká bẹ́ẹ̀.

Ìlànà tí ó yẹ kí a mú lò

Láti inú gbogbo èyí, ìlànà kan hàn: ibi tí ó kéré jù tí ó lè gba ohun náà ni kí a fi í sí. Bí ojú-ewé kan bá tó, kí a má gbé e sínú ìbéèrè. Bí ìbéèrè bá tó, kí a má gbé e sínú ìbẹ̀wò. Ohun tí ó bá sì jẹ́ ti ẹnì kan kò gbọdọ̀ dé ibi tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé. Kí a fún àlejò ní káàdì tuntun nígbà tí ó bá fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé, kí ẹni tí ó ti rí ti àtijọ́ má baà rí i lò. Kí káàdì má ṣe rìn àfi ní ọ̀nà tí a bò. Kí a sì jẹ́ kí ènìyàn púpọ̀ dán ètò wò lẹ́ẹ̀kan náà kí a tó ṣí i fún gbogbo ènìyàn.

Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ọgbọ́n iṣẹ́ nìkan. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 sọ ọ́ di ojúṣe fún ẹni tí ó gba ìsọfúnni ènìyàn láti pa á mọ́. Ọmọ tí a ka ilé-ẹ̀kọ́ tí ó yàn sí orúkọ ọmọ ẹlòmíràn lè pàdánù ọdún kan gbáko nítorí àpò kan tí a gbé sí ibi tí kò yẹ.

Ẹni tí ń lo ìkànnì náà ní ipa tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà ibi tí a ń sanwó lò ní Ṣakí tàbí ní Ìṣẹ́yìn jẹ́ ti èrò púpọ̀. Ẹni tí ó dìde láìtẹ ibi tí a fi ń jáde ti fi káàdì rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, fáìlì rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí fún ẹni tí ó bá jókòó tẹ̀ lé e. Bí a bá tẹ ibi ìjáde, sáfà yóò da fáìlì ìbẹ̀wò nù lójú ẹsẹ̀, káàdì náà yóò sì di ìwé lásán. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dìde láìṣe é.